Àtìlẹ́yìn búùmù fún ọkọ̀ ìgbòkun kékeré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, tó fẹ́ kí búùmù dúró sípò rẹ̀ nígbà tí ìgbòkun bá ń wálẹ̀, kó má baà já lé ẹnikẹ́ni lórí. Catalina 22 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Frank Butler ló ya àwòrán ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1969, iye tí wọ́n sì ti kàn lé ní 15,000. Nítorí pé ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, àlòkù rẹ̀ kò ṣòro láti rí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ wa ọkọ̀ ló sì fi í bẹ̀rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú mìíràn tó gùn tó mítà 5 sí 8, ọ̀nà kan náà ni; ẹ kàn máa tún ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ni.

Kí ni búùmù, kí ló sì ń gbé e dúró nígbà tí ọkọ̀ ń lọ?

Búùmù ni ọ̀pá tó nà gbọọrọ láti ara òpó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ ìgbòkun ńlá so mọ́. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan wà lára òpó, níbi oríkèé irin tó ń jẹ́ kó yí sọ́tùn-ún sósì, kó sì gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ìpẹ̀kun kejì wà lófuurufú, lókè ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí.

Bí ìgbòkun bá ti ta, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé búùmù. Etí ẹ̀yìn ìgbòkun ló fà á sókè. Wàhálà dé nígbà tí ẹ bá tú okùn tí ẹ fi fa ìgbòkun gòkè. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Búùmù Catalina 22 gùn tó nǹkan bí mítà 3, alumíníọ́mù ni, ìgbòkun tó ń wálẹ̀ sì tún ń kó jọ sórí rẹ̀. Ẹni tó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú gan-an ló jókòó sábẹ́ ibi tó máa já sí.

Ṣé dandan ni? Ṣé ẹnì kan ò lè fi ọwọ́ dì í mú?

Bí ẹ bá pé méjì, tí omi sì pa rọ́rọ́, ẹnì kan lè di búùmù mú kí ẹnì kejì sọ ìgbòkun kalẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń já sí òfo ni ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá le, tí ẹ sì fẹ́ dín ìgbòkun kù lójú omi. Ẹ ó tú okùn ìfàgòkè díẹ̀, ẹ ó fa ìgbòkun wálẹ̀ títí ihò ìdínkù iwájú yóò fi dé ibi ìkọ́, ẹ ó fi kọ́ ọ, ẹ ó wá fa okùn ìdínkù ẹ̀yìn títí yóò fi le. Ní gbogbo àkókò yẹn, etí ẹ̀yìn ìgbòkun ti dẹ̀. Bí kò bá sí àtìlẹ́yìn, búùmù á wálẹ̀ sáàárín àwọn tó jókòó, á máa gbá kiri bí ọkọ̀ ṣe ń mì, okùn ìdínkù tí ẹ ń fà yóò sì kọ́kọ́ ní láti gbé ìwúwo búùmù kó tó lè na ìgbòkun. Mo ti rí àwọn atukọ̀ tó ń sọ pé dídín ìgbòkun kù le ju agbára wọn lọ, tó sì jẹ́ pé àìsí àtìlẹ́yìn búùmù ni gbogbo ìṣòro náà.

Ó tún wúlò bí ẹ bá dúró sí ibùdókọ̀, tí ẹ fẹ́ kí orí máa rí àyè kọjá lábẹ́ búùmù, tàbí tí ẹ fẹ́ ta aṣọ lé e lórí nítorí oòrùn tàbí òjò.

Irú àtìlẹ́yìn wo ló wà?

Mẹ́rin ni mo máa ń rí lórí ọkọ̀ tó tó báyìí.

Èkíní ni okùn tó ti orí òpó wá sí ìpẹ̀kun búùmù. Topping lift ni àwọn atukọ̀ ń pè é. Èkejì ni ọ̀pá àtì, èyí tó ti ìdí òpó dáàgùn lọ sí abẹ́ búùmù, tó ń tì í sókè láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni igi àgbélé, igi ẹlẹ́ka méjì tó dúró ní ìdí ọkọ̀, tí ẹ máa gbé búùmù lé bí ẹ bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni wáyà kúkúrú tó rọ̀ lára wáyà ẹ̀yìn, ìyẹn wáyà tó di òpó mú láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìkọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ máa fi kọ́ ìpẹ̀kun búùmù.

Ohun tí mo fi ń ṣèdájọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àtìlẹ́yìn náà máa jọ̀wọ́ búùmù nígbà tí ìgbòkun bá gbà á? Àtìlẹ́yìn tó dára ń gbé búùmù nígbà tí ìgbòkun kò gbé e, ó sì ń yàgò nígbà tí ìgbòkun ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò lè yàgò léwu ju kí ó má sí rárá lọ.

Wáyà kúkúrú yẹn ló bá ọkọ̀ mi dé. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Ní ibùdókọ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ Catalina 22 àtijọ́ ló ní in, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe, kò sì náni ní nǹkan púpọ̀. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ òjijì bá kọlu ọkọ̀, ohun tó ń gbà wá ni pé ká tú okùn ìdarí búùmù. Búùmù á ṣí síta, afẹ́fẹ́ á jáde nínú ìgbòkun, ọkọ̀ á sì tún dìde dúró. Bí ìkọ́ wáyà yẹn bá ṣì wà lẹ́nu búùmù, ẹ lè tú okùn ìdarí tán pátápátá, búùmù kò ní lọ síbì kankan. Ó ti há sí àárín gbùngbùn ọkọ̀. Ìgbòkun á gba gbogbo afẹ́fẹ́ náà, ọkọ̀ á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ títí omi yóò fi máa wọlé.

Ìgbà tí ẹ bá ń ta ìgbòkun náà tún le. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ orí ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, kí ẹ fa ìgbòkun gòkè, kí ẹ sì sáré lọ sẹ́yìn lọ tú ìkọ́ kí orí ọkọ̀ tó yà. Bí ẹ bá dá nìkan wà, orí ọkọ̀ á ti yà kí ẹ tó débẹ̀. Ìgbòkun á ti kún, ìkọ́ á sì ti le débi tí ọwọ́ kò ní lè tú u. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ sọ ìgbòkun kalẹ̀: búùmù gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn kí ẹ tó lè kọ́ ọ, nígbà tí ìgbì omi sì ń jù ú sọ́tùn-ún sósì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àlejò á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ láti ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ibùdókọ̀ nìkan, kó so aṣọ pupa gígùn mọ́ ìkọ́ rẹ̀, kí aṣọ náà máa fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ojú ẹni tó di ìtọ́kọ̀.

Èwo ni kí n wá fi bẹ̀rẹ̀?

Okùn láti orí òpó. Kò wọ́n, kò nílò kí ẹ lu búùmù púpọ̀, bó bá sì bàjẹ́ ẹ lè fi okùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pá àtì dùn ún lò jù ú lọ, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ nìkan lè fi okùn lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìkùnsínú.

Irú okùn wo, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Okùn polyester híhun tó nípọn tó mìlímítà 6 ti tó. Ìwúwo tó máa gbé kò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀. A mú un nípọn tó bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ lè rí i dì mú, kí oòrùn má sì tètè jẹ ẹ́ tán. Ẹlòmíràn ń lo okùn Dyneema mìlímítà 3 tàbí 4. Ó fúyẹ́, kì í sì í fà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀: kókó tí a ta sí i lè yọ jáde, nítorí náà híhun ojú rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀ ló dára. Wáyà tí wọ́n fi ike bò lára ni n kò ní gbà yín níyànjú láti lò. Omi á wọ abẹ́ ike náà, wáyà á máa dípẹtà níbi tí ojú kò rí, ọjọ́ tó bá já ni ẹ ó mọ̀.

Fún ti gígùn: ìgbòkun ńlá Catalina 22 ga tó nǹkan bí mítà 6.4 lára òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó mítà 2.9. Bí a bá fi díẹ̀díẹ̀ kún un dé orí òpó àti ìpẹ̀kun búùmù, ẹ ó ní 6.6 àti 2.95. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: nǹkan bí mítà 7.2 ló wà láàárín orí òpó àti ìpẹ̀kun búùmù. Ẹ wọn ti ọkọ̀ tiyín fúnra yín, nítorí pé àwọn tó ti lò ó ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ òpó tàbí búùmù.

Bí mo ṣe fẹ́ràn kí okùn náà rìn nìyí: ẹ so ó mọ́ orí òpó, kó wá sí ìpẹ̀kun búùmù, kó gba inú púlì kékeré kan níbẹ̀, kó sì tọ ẹ̀gbẹ́ búùmù lọ síwájú títí dé irin ìsokùn kan tó wà ní bíi mítà kan sí òpó. Mítà 10 máa kájú rẹ̀. Ìdí tí irin ìsokùn fi gbọ́dọ̀ wà níwájú ni pé bí búùmù bá ṣí síta, ìpẹ̀kun rẹ̀ wà lórí omi, ọwọ́ kankan kò lè tó o. Apá iwájú sì wà nítòsí ẹnu ọ̀nà yàrá ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má tíì gé okùn náà títí ẹ ó fi dán an wò pẹ̀lú ìgbòkun lókè àti nílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dé orí òpó?

Ẹ sọ òpó kalẹ̀. Òpó Catalina 22 dúró lórí òrùlé yàrá ọkọ̀, ó sì ní oríkèé nídìí tó jẹ́ kó ṣeé dà sẹ́yìn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè ṣe é, ó sì sàn ju kí èèyàn gun òpó ọkọ̀ tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúwo ẹni tó wà lókè lè da ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó gbé òpó sókè padà, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo gbogbo àyíká. Ṣé wáyà iná mànàmáná wà nítòsí, tàbí lójú ọ̀nà tí ẹ máa fi ọkọ̀ gbà dé etí omi? Alumíníọ́mù ni òpó, irin sì ni wáyà tó dì í mú, iná sì ń gba inú méjèèjì kọjá. Kódà òpó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà iná, ká má tíì sọ pé kó kàn án. Àwọn èèyàn ti kú báyìí ní ibi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ọkọ̀ mọ́, lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Bí òpó bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi irin ìdè tí kì í dípẹtà so okùn mọ́ ojú ihò tó wà ní ẹ̀yìn orí òpó, kí ẹ fún síkúrù rẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà tín-ínrín dì í kó má baà tú ara rẹ̀. Ìmìtìtì afẹ́fẹ́ ló ń tú u, díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí i pé okùn náà kò rọ̀ mọ́ wáyà ẹ̀yìn, pé kò sì kọjá níwájú okùn ìfàgòkè.

Okùn náà ń gbá ìgbòkun, ó sì ń lọ́ mọ́ wáyà ẹ̀yìn. Kí ni kí n ṣe?

Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí ìgbòkun bá ń ṣiṣẹ́, okùn gbọ́dọ̀ dẹ̀. Okùn tó bá sì dẹ̀ á máa gbá etí ẹ̀yìn ìgbòkun. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, á jẹ òwú tí wọ́n fi rán ibẹ̀, ìgbòkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti ojú rírán.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Ẹ mú okùn rọ́bà tó tó mítà kan. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ ara okùn náà ní bíi mítà méjì sókè búùmù, ẹ so orí kejì mọ́ ìpẹ̀kun búùmù, kó máa fa okùn náà wálẹ̀ kó sì kó o jọ nígbà tó bá dẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fa okùn náà le, rọ́bà á kàn nà ni, kò ní dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má fà rọ́bà náà jù, kó má wá di pé òun ló ń gbé búùmù.

Àwọn kan ń fa okùn náà le díẹ̀ kó má baà gbá ìgbòkun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí okùn bá ń gbé búùmù nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, etí ẹ̀yìn ìgbòkun á ṣí jù lókè, afẹ́fẹ́ á máa jò dànù, ọkọ̀ kò sì ní lè sún mọ́ ojú afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá gbé ojú sókè tí ẹ rí i pé okùn náà nà gbọnrangandan nígbà tí ìgbòkun kún, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pá àtì ńkọ́? Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Oríṣi mẹ́ta ló wà: èyí tó ní sípíríǹgì nínú, èyí tó ní gáàsì, àti èyí tó jẹ́ ọ̀pá fáíbà tó ń tẹ̀. Fún ọkọ̀ tó tó Catalina 22, ti fáíbà ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé kò sí ohun tó lè jò tàbí tó lè dípẹtà nínú rẹ̀. Boomkicker ni wọ́n mọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Barton ń ta irú tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Boomstrut lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fa búùmù wálẹ̀, ọ̀pá náà á tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á nà, á sì ti búùmù sókè padà. Kò sí okùn tí ẹ máa tú, kò sí èyí tí ẹ máa fà. Ìgbòkun ń wálẹ̀, búùmù dúró síbi tó wà. Fún ẹni tó ń dá wa ọkọ̀, ìrọ̀rùn ńlá ni.

Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe: ìwúwo búùmù kì í jẹ́ kí ìgbòkun rí àyè ṣí lókè, ọ̀pá àtì á gbé ìwúwo yẹn kúrò lára rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pá àtì fi nílò irin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí okùn tín-ínrín sì tó fún iṣẹ́ kan náà?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí èèyàn lóye dáadáa kó tó lu ihò kankan. Ẹ di igi àjà gígùn kan mú ní ìdí, kí ẹ ní kí ẹnì kan gbé orí kejì. Ìka méjì lè gbé e. Kí onítọ̀hún wá súnmọ́ yín, kó máa gbé e láti ìwọ̀n apá kan sí ọwọ́ yín. Ó máa mọ̀ pé ó ń gbé nǹkan.

Ká fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ká ní búùmù àti ìgbòkun jọ wúwo kílò 12, tí ìwúwo náà wà láàárín búùmù tó gùn ní mítà 3. Ní ìpẹ̀kun búùmù, kílò 6 ni ẹ nílò láti gbé e. Nítorí pé okùn dáàgùn díẹ̀, kò ní tó kílò 7 tó máa wà lórí okùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá àtì bá kan búùmù ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí oríkèé, tí igun tó wà láàárín rẹ̀ àti búùmù jẹ́ dígírì 45, nǹkan bí kílò 32 ni ọ̀pá náà máa fi tì í. Bí igun náà bá kéré sí i, tó jẹ́ dígírì 30, á di kílò 45.

Ká wá ní ẹnì kan fi ọwọ́ ti ara lé ìpẹ̀kun búùmù pẹ̀lú kílò 20, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń dìde. Kílò 22 ló máa kún orí okùn. Lórí ọ̀pá àtì, ó máa lé ní kílò 100. Ibẹ̀ ni ríbẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n fi kan ìpìlẹ̀ ọ̀pá náà mọ́ búùmù, ti ń já. Nítorí náà, ọ̀pá àtì yòówù kí ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búùmù ṣe ibi ìdìmú. Okùn pàápàá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ara tì. Bó bá já, inú omi ni ẹni náà ń lọ.

Ibo ni kí n lu ihò sí?

Ẹ kọ́kọ́ ta ìgbòkun ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò sí, kí ẹ fà á le bí ẹ ṣe máa ń ṣe lójú omi, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ìpẹ̀kun búùmù wà. Ibi tí ọ̀pá àtì máa gbé búùmù dúró sí gbọ́dọ̀ ga ju àmì yẹn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní gbé e tó. Bó bá ga jù, ẹ ó máa bá ọ̀pá náà jà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fa búùmù wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù lẹ ìpìlẹ̀ méjèèjì mọ́ ibi tí ẹ rò pé wọ́n máa wà, ọ̀kan nídìí òpó, ọ̀kan lábẹ́ búùmù, kí ẹ wá gbé ọ̀pá náà sáàárín. Ẹ yí búùmù sọ́tùn-ún àti sósì títí dé òpin. Ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ kan wáyà tó di òpó mú, kò sì gbọ́dọ̀ há. Ìpìlẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú oríkèé búùmù. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá á máa gùn sí i tàbí kó máa kúrú bí búùmù ṣe ń yí.

Ẹ yẹ inú búùmù wò kí ẹ tó lù ú. Okùn ìnàgbòkun tàbí okùn ìdínkù lè wà nínú rẹ̀, ẹnu dírììlì sì lè gé e. Ẹ fa wọ́n jáde tàbí kí ẹ fà wọ́n le mọ́ òkè. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti òòlù sàmì kí ẹnu dírììlì má baà yọ̀. Síkúrù mìlímítà 5 nílò ihò 4.2; ti mìlímítà 6 nílò ihò 5. Ihò yẹn ni ẹ máa wá la ojú síkúrù sí. Ṣùgbọ́n ara búùmù kékeré kì í nípọn, ojú síkúrù méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa dì mú nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ríbẹ́ẹ̀tì níbẹ̀: ti Monel, tí wọ́n fi níkẹ́lì àti bàbà pò, tó nípọn ní mìlímítà 4.8. Ríbẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù lásán kò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí irin tí kì í dípẹtà bá kan alumíníọ́mù nínú omi iyọ̀, alumíníọ́mù ni omi náà máa jẹ. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun, lẹ́yìn náà ihò á fẹ̀, síkúrù á sì máa mì. Ẹ fi Duralac tàbí Tef-Gel, ìyẹn ohun ìpara tí kì í jẹ́ kí irin méjì fara kan ara wọn, pa gbogbo ojú tí irin méjì bá ti pàdé kí ẹ tó fún un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àwọn tó fò ó kọjá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ gbá gbogbo ẹ̀rún irin tó bọ́ sílẹ̀, pàápàá lórí òrùlé yàrá. Ó ń fi àbàwọ́n síbẹ̀.

Ṣé ọ̀pá àtì máa rọ́pò okùn tó ń fa búùmù wálẹ̀?

Ti fáíbà kò rọ́pò rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tì, kò mọ̀ ọ́n fà. Okùn onípúlì tó ń fa búùmù wálẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní vang, tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kicker, gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń di búùmù mú sípò kan.

Bí mo bá ti ní ọ̀pá àtì, ṣé kí n yọ okùn orí òpó?

Ẹ lè yọ ọ́ kúrò lára ìpẹ̀kun búùmù, kí ẹ so ó mọ́ ìdí òpó kó má baà gbá ìgbòkun mọ́. Bí ó bá gba inú púlì lórí òpó wá sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó nípọn tó: lọ́jọ́ tí okùn ìfàgòkè bá já lójú omi, òun ni ẹ máa fi fa ìgbòkun padà sókè.

Igi àgbélé ńkọ́?

Ó dára fún ibùdókọ̀ àti fún ìgbà tí ẹ bá ń fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ lọ. Pákó méjì tí ẹ fi bóòtù kan kọ́ ní àgbélébùú, tí ẹ fi awọ tàbí káńpẹ́ẹ̀tì bo ibi tí búùmù máa sùn lé, ti tó. Ẹ fa okùn ìdarí le kí búùmù má baà fò jáde nínú rẹ̀. Kò wúlò fún dídín ìgbòkun kù lójú omi, nítorí náà kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí àtìlẹ́yìn kan ṣoṣo.

Mo ń wa ọkọ̀ ní Èkó. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó dá lórí ọkọ̀ yín. Ní Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, àwọn ọkọ̀ kékeré tí kò ní yàrá ló pọ̀ jù, irú bíi Lightning, tí Sparkman & Stephens ya àwòrán rẹ̀ ní 1938, tó gùn ní mítà 5.8. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé okùn orí òpó nígbà ìdíje. Wọ́n á sọ ìgbòkun kalẹ̀, wọ́n á sì gbé búùmù sínú ọkọ̀. Bí tiyín bá ní yàrá, tí ẹ sì ń fi ìgbòkun sílẹ̀ lórí búùmù láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo ohun tí mo kọ síbí ló kàn yín, pẹ̀lú àfikún kan: oòrùn ibẹ̀ kì í fi okùn sílẹ̀ pẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ okùn kí ó tó rí bí ẹni pé ó ti gbó.

Mo ra àlòkù tó ti ní àtìlẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Fún okùn, ẹ fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí òpó bá wà nílẹ̀. Ibi tó bá le gbagidi tàbí tó ń yọ ìyẹ̀fun ni oòrùn ti jẹ. Ẹ wo ojú ibi tó ti ń gba inú púlì, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bẹ́. Bí àtìlẹ́yìn náà bá jẹ́ wáyà, ẹ fi aṣọ nu ún. Bí aṣọ bá há sí okùn irin tó ti já, ẹ sọ wáyà náà nù.

Fún ọ̀pá àtì, ẹ mi ìpìlẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì wo àyíká ríbẹ́ẹ̀tì bóyá ìyẹ̀fun funfun wà níbẹ̀ tàbí ihò ti gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ara fáíbà bóyá ó ti là tàbí ó ń yọ irun. Kí ẹ wo àwọn irin kékeré tó ń di oríkèé mú pẹ̀lú, pé ìpẹtà kò tíì jẹ wọ́n tín-ínrín, pé ẹnu wọn sì ṣí síta kí wọ́n má baà yọ. Bí ríbẹ́ẹ̀tì kan bá ti ń mì, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn nìkan. Ẹ yọ gbogbo wọn, ẹ fọ ojú ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sún ìpìlẹ̀ náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ sí ibi tí alumíníọ́mù ti le, kí ẹ sì lu ihò tuntun síbẹ̀.